Àrẹ̀mú, Màlúù Bàbá Mi Àgbà

Nígbà tí bàbá mi àgbà kú, gbogbo ẹni tó wá kí wa ló ń sọ pé ènìyàn jẹ́jẹ́ ni wọ́n. Mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, àmọ́ inú ń bí mi. Bàbá kì í ṣe ènìyàn jẹ́jẹ́ rárá. Alágídí ni wọ́n. Wọ́n lè bá ènìyàn yan odì fún oṣù mẹ́fà nítorí ọ̀rọ̀ tí kò tó nǹkan. Bí wọ́n bá gbọ́ irú ìyìn bẹ́ẹ̀, wọ́n á bi ẹni náà bóyá ilé ẹlòmíràn ló ń wá. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kọ irú ènìyàn tí wọ́n jẹ́ sílẹ̀, pẹ̀lú ohun tí wọ́n ṣe ní Oko Ọba, ọjà màlúù àti ibi ìpẹran tó wà ní Agége, lọ́jọ́ tó ku díẹ̀ kí wọ́n dúńbú Àrẹ̀mú.

Àrẹ̀mú kì í ṣe ènìyàn. Akọ màlúù ni, ẹ̀yìnkùlé wa ní Agége la so ó mọ́. Ara rẹ̀ pupa, ojú rẹ̀ funfun báláú bí ẹni da lẹ́búlẹ́bú sí i, ó sì tóbi débi pé àwọn ayálégbé tuntun máa ń fara mọ́ ògiri kí wọ́n tó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Símẹ́ntàlì ni orúkọ irú rẹ̀, ìran màlúù tó wá láti ilẹ̀ olótùútù àwọn òyìnbó. Oríkì ọmọkùnrin ni Bàbá sọ ọ́, wọ́n sì máa ń kí i láàárọ̀ kí wọ́n tó kí àwa tó wà nínú ilé.

Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni Bàbá fi tọ́jú màlúù ní oko ilé iṣẹ́ mílíìkì kan lápá Ìkẹjà. Nígbà tí ìjọba ológun gbé ètò ọrọ̀ ajé tí wọ́n ń pè ní Sáàpù dé, tí náírà di yẹpẹrẹ, ilé iṣẹ́ náà kò rí oúnjẹ ẹran àti oògùn kó wọlé láti òkè òkun mọ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta àwọn màlúù náà fún alápatà lọ́kọ̀ọ̀kan, ojú Bàbá ni wọ́n sì ṣe ń fà wọ́n jáde. Nígbà tó kan àwọn òṣìṣẹ́, Bàbá ní àwọn ò gba owó ìfẹ̀yìntì. Wọ́n ní kí wọ́n fún àwọn ní akọ ọmọ màlúù kan ṣoṣo tó ṣẹ́kù, èyí tí bàbá àti ìyá rẹ̀ jẹ́ ojúlówó Símẹ́ntàlì, pẹ̀lú ìwé tí wọ́n kọ ìdílé rẹ̀ sí. Ìyá mi àgbà sunkún fún ọjọ́ mẹ́ta. Bàbá jẹ́ kí wọ́n sunkún tẹ́rùn, wọ́n wá ní, "Owó náà á tán. Ìran màlúù yìí ni mi ò fẹ́ kó tán."

Ohun tí wọ́n ń lé kiri nìyẹn. Wọ́n fẹ́ kí àwọn Fúlàní máa mú abo màlúù wọn wá fún Àrẹ̀mú gùn, kí ọmọ tí wọ́n bá bí ní ẹran lára àti wàrà lọ́mú ju ìyá rẹ̀ lọ. Wọ́n ní kí àwọn tó kú, àwọn gbọ́dọ̀ rí ojú funfun láàárín màlúù Oko Ọba.

Oòrùn Agége kò bá Àrẹ̀mú lára mu. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ la máa ń wẹ̀ ẹ́, nígbà tí àwa gan-an ń wá omi ẹ̀rọ tì. Bàbá á fa omi kànga, kò sì sí ẹni tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án títí Àrẹ̀mú yóò fi wẹ̀ tán. Ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n á jókòó tì í, wọ́n á máa já eégbọn lára rẹ̀ sínú agolo, wọ́n á sì máa ròyìn ìjọba ológun fún un bí ẹni pé ó máa dìbò. Èérí ọkà tí wọ́n ń dà nù nílé iṣẹ́ bíà ni wọ́n fi ń bọ́ ọ, ọmọlanke ni Bàbá fi ń kó o wálé. Inú àbúrò wọn, Alàájì Ráṣáàkì, tó jẹ́ alápatà ńlá ní Oko Ọba, kò dùn sí i. Alàájì ní kò yẹ kí mùsùlùmí máa ti èérí ọtí kọjá níwájú mọ́ṣáláṣí. Bàbá ò tilẹ̀ dúró. Wọ́n ń ti ọmọlanke wọn lọ, wọ́n ní, "Ráṣáàkì, Àrẹ̀mú kì í kírun."

Ọ̀rọ̀ ìwé ni mo máa ń fi yọ wọ́n lẹ́nu jù. Iṣẹ́ títẹ̀wé ni mò ń ṣe ní ọ́fíìsì kan ní Aláúsá nígbà náà, mo sì ti lé lógún ọdún, nítorí náà èmi ni akọ̀wé Àrẹ̀mú. Lọ́dún kan, olówó kan láti Ìkẹjà GRA wá sílé wa. Ó fẹ́ ra ọmọ Àrẹ̀mú kan tí màlúù Fúlàní bí fún un, ó sì fẹ́ kí a kọ ọ́ sínú ìwé pé ojúlówó ni, kó lè fi yangàn lóko rẹ̀. Gààrí là ń mu lọ́sàn-án lásìkò náà. Mo ti tẹ ìwé náà tán, ibi tí Bàbá máa fọwọ́ sí nìkan ló kù. Wọ́n kà á, wọ́n ya á sí méjì, wọ́n sì sọ fún ọkùnrin náà pé, "Ìdajì ni. Bí ẹ bá fẹ́ ìdajì, mo ní ìdajì." Ó bínú lọ. Èmi náà bínú, mo sì sọ ohun tí kò yẹ kí n sọ sí àgbàlagbà. Bàbá gbọ́ mi títí, wọ́n wá ní, "Múlíkà, bí mo bá purọ́ lórí ọmọ, ta ló máa gba ohun tí mo bá sọ nípa bàbá rẹ̀ gbọ́?"

Mo bá wọn tẹ ìwé ìpolówó pẹ̀lú. Ọdún méjì la fi ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri láti Oko Ọba dé Ìkẹjà, pé akọ màlúù ojúlówó wà ní Agége, ẹ mú abo yín wá, ọ̀fẹ́ ni, kí ẹ ṣáà padà wá sọ fún wa nígbà tó bá bímọ. Abo tó wá kò ju mẹ́rin lọ. Àwọn Fúlàní ń bẹ̀rù pé Àrẹ̀mú á ṣẹ́ màlúù wọn lẹ́yìn. Àwọn ẹlẹ́ran súyà ló jèrè ìwé wa, òun ni wọ́n fi ń di ẹran fún oníbàárà.

Níbi tí ọ̀rọ̀ ti wá le ni ìgbà tí ìyá Bàbá kú. Màmá náà ti darúgbó kùjọ́kùjọ́, ó sì yẹ ká ṣe fídáù tó ní láárí. Mọ̀lẹ́bí jókòó ìpàdé, wọ́n sì fẹnu kò pé Àrẹ̀mú ni kí a pa. Bàbá ní rárá. Wọ́n ní kò sí akọ Símẹ́ntàlì mìíràn níbikíbi tí àwọn mọ̀, bí èyí bá lọ, ó parí nìyẹn. Wọ́n lọ ra màlúù mìíràn tó sanra fún sàráà, àmọ́ kò sẹ́ni tó wo màlúù yẹn. Alàájì Ráṣáàkì dìde níwájú gbogbo ẹbí, wọ́n ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ìyá wa ò tó màlúù yín ni?" Láti ọjọ́ náà, wọn ò kí ara wọn mọ́. Mọ́ṣáláṣí kan náà ni wọ́n ń kírun, bí ọ̀kan bá wà ní ìlà sàfù iwájú, èkejì á wá ti ẹ̀yìn lọ. Ọdún méjì gbáko.

Àrẹ̀mú ń dàgbà lọ. Lẹ́yìn náà ni lẹ́tà dé pé ìfihàn ẹran ọ̀sìn máa wáyé ní pápá kan ní Ìkẹjà. Akọ màlúù tó bá gbégbá orókè, àwọn dókítà ẹran á gba àtọ̀ rẹ̀, wọ́n á fi í pamọ́ sínú yìnyín, wọ́n á sì lò ó fún màlúù káàkiri. Bàbá ní kí n tún lẹ́tà náà kà. Bí Àrẹ̀mú bá gbégbá orókè, ìran rẹ̀ kò ní parẹ́ mọ́, kódà bí òun fúnra rẹ̀ bá kú lọ́jọ́ kejì. Ìrètí tó kù fún Bàbá láyé nìyẹn, gbogbo wa ló sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Lẹ́tà náà ní kí a fi ọ̀dà kọ nọ́ńbà màlúù kọ̀ọ̀kan sí i ní ìbàdí kó tó dé pápá. Ní àárọ̀ ọjọ́ tó ṣáájú ìfihàn, nígbà tí Bàbá lọ kírun àsùbáà, mo wá ọ̀dà nínú ilé, búlúù nìkan ni mo rí. Mo kọ nọ́ńbà náà gàdàgbà. Inú mi dùn sí iṣẹ́ ọwọ́ mi. Bàbá dé, wọ́n wò ó, wọ́n yára wá kẹrosíìnì.

Ẹni tó ń ná ẹran ní Oko Ọba á mọ ohun tí wọ́n rí. Alápatà kọ̀ọ̀kan ló ní àwọ̀ tirẹ̀. Bó bá ti ná màlúù kan tí wọ́n gbà fún un, àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ á fi ọ̀dà sí i ní ìbàdí. Láti ìgbà náà kò sẹ́ni tó tún ń béèrè nǹkan kan, ọmọ iṣẹ́ alápatà náà tó bá kọ́kọ́ débẹ̀ á tú u, á sì fà á lọ síbi ìpẹran. Búlúù sì ni àwọ̀ Alàájì Ráṣáàkì. Èmi tí mò ń jókòó sídìí tàìpù ní Aláúsá, níbo ni mo ti fẹ́ mọ̀? Bàbá da kẹrosíìnì sí aṣọ, wọ́n ń nù ún, nọ́ńbà náà parẹ́, ọ̀dà búlúù sì tàn kálẹ̀ ní ìbàdí Àrẹ̀mú. Ó wá jọ èyí tí alápatà kùn gan-an. Oko Ọba nìkan ni òkè erùpẹ̀ wà tí màlúù lè gbà gun ọkọ̀ akẹ́rù, a ò sì lè yẹra fún ibẹ̀. Bàbá ní, "A ò ní kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀."

Aago mẹ́wàá ni ọkọ̀ akẹ́rù tí a háyà yẹ kó dé. Títí di ìrun àìlà, a ò rí i. A ti so Àrẹ̀mú mọ́ irin kan lẹ́bàá òkè erùpẹ̀ náà. Bàbá lọ kírun, wọ́n ní, "Dúró tì í o, Múlíkà." Mo dúró. Nígbà tó yá ni mo rí ọkọ̀ wa lọ́ọ̀ọ́kán, géètì kejì ló gbà, awakọ̀ sì ń yí orí rẹ̀ padà bí ẹni tó fẹ́ máa lọ. Mo sáré tẹ̀ lé e. Mo pariwo títí ó fi dúró. Nígbà tí mo padà, irin nìkan ni mo bá.

Mi ò mọ bí mo ṣe dé ibi ìpẹran. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mẹ́fà ti gbé Àrẹ̀mú ṣubú sórí símẹ́ńtì. Wọ́n ti di ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n ti kọjú rẹ̀ sí gábàsì, ọ̀kan ń pọ́n ọ̀bẹ. Mo ń kígbe, àmọ́ níbi tí màlúù ọgọ́rùn-ún ti ń ké, ta ló máa gbọ́? Bàbá ló gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, láìwọ bàtà. Wọn ò bá ẹnikẹ́ni jà. Wọ́n kàn lọ dùbúlẹ̀ lé ọrùn màlúù náà.

"Bàbá, ẹ dìde. Ẹ̀jẹ̀ á ta sí yín láṣọ," ọmọkùnrin tó mú ọ̀bẹ sọ. Àjèjì ni, kò tíì pẹ́ tó dé Èkó.

"Èmi ni kí o kọ́kọ́ dúńbú."

Èrò pé lé wa lórí. Àwọn sójà tí ìjọba fi sí ẹnu géètì rí èrò, wọ́n wá. Ẹ̀rù ba gbogbo wa, nítorí lóṣù tó kọjá, wọ́n mú ọkùnrin méjì níbẹ̀ pé wọ́n jí màlúù, àwọn ìyàwó wọn sì ṣì ń wá wọn kiri. Sájẹ́ńtì wọn gbọ́ Yorùbá dáadáa. Ó ní, "Bàbá, ta ló jí màlúù yín? Ẹ nawọ́ sí i."

Alàájì Ráṣáàkì wà níbẹ̀. Wọ́n dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó kan pẹ̀lú bàtà rọ́bà gígùn wọn, wọ́n ń wolẹ̀. Bàbá gbójú sókè láti orí màlúù, wọ́n wò wọ́n, wọ́n wò wọ́n pẹ́. Mo fẹ́ kí Bàbá nawọ́. Mo ń sọ ọ́ láìfi bò, mo fẹ́ kí wọ́n gbé Alàájì lọ. Mo la ẹnu láti bá Bàbá sọ ọ́, wọ́n sì di ọrùn ọwọ́ mi mú tó fi dùn mí.

"Kò sẹ́ni tó jí i," Bàbá sọ. "Èmi ni mo fi ọ̀dà búlúù kùn ún. Ọ̀dà àbúrò mi nìyẹn. Àwọn ọmọ yìí ṣe ohun tí wọ́n máa ń ṣe ni. Ẹ̀bi mi ni."

"Ẹ̀yin lẹ kùn ún?"

"Èmi ni."

Inú bí sájẹ́ńtì náà. Ó ní Bàbá kó gbogbo èrò jọ, wọ́n kó sójà kúrò lábẹ́ ibòòji, lórí ẹran tí wọ́n fọwọ́ ara wọn sàmì sí. Ó ní kí Bàbá di etí méjèèjì mú, kí wọ́n máa fò bí ọ̀pọ̀lọ́ láti ibẹ̀ dé géètì. Mo kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́, ó tì mí kúrò lọ́nà. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni Bàbá. Wọ́n di etí mú, wọ́n lóṣòó, wọ́n fò. Aṣọ ìrun wọn funfun, ẹ̀jẹ̀ ilẹ̀ ń ta sí i. Àwọn alápatà tó máa ń fi gbogbo ènìyàn ṣe yẹ̀yẹ́ yà kúrò lọ́nà fún wọn. Alàájì Ráṣáàkì gbé ẹsẹ̀ kan síwájú, wọ́n tún dá a padà. Bàbá ṣubú ní ẹ̀ẹ̀mẹta, wọ́n dìde ní ẹ̀ẹ̀mẹta, wọ́n dé géètì.

Nígbà tí àwọn sójà lọ tán, àwọn ọmọ iṣẹ́ tú okùn ẹsẹ̀ Àrẹ̀mú, àmọ́ kò dìde. Ó na ọrùn sílẹ̀, ó ń mí gúlegúle. A gbé Bàbá padà wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, nítorí wọn ò lè rìn mọ́. Wọ́n gbé ọwọ́ lé e lórí, wọ́n ní, "Àrẹ̀mú, a ò tíì débi tí à ń lọ." Ó pẹ́ kó tó gbé ara rẹ̀ nílẹ̀, ó sì ń tiro lẹ́sẹ̀ ẹ̀yìn.

Awakọ̀ ti sá lọ. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, orí ọmọlanke ni Bàbá jókòó sí, mállàmù aláàárù kan ń tì í, èmi ń fa Àrẹ̀mú, ẹsẹ̀ la sì fi lọ sí Ìkẹjà. Àwọn ènìyàn ń ti ojú fèrèsé wò wá. Ní pápá, wọ́n ní kí màlúù náà rìn yíká, ó tiro, adájọ́ sì mi orí. A ò gba nǹkan kan, dókítà kankan ò sì bá wa sọ̀rọ̀ àtọ̀. Mo sunkún débi pé imú mi dí. Bàbá ní kí n yé dójú ti àwọn níbẹ̀.

Àmọ́ ìròyìn ti dé ọ̀dọ̀ àwọn Fúlàní pé màlúù kan dìde lórí símẹ́ńtì ibi ìpẹran, ibi tí màlúù kankan kì í ti í dìde. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í mú abo wá. Ẹ̀yìnkùlé wa kún. Bàbá bínú sí i, wọ́n ní, "Ọdún méjì ni mo fi lẹ ìwé, wọn ò kà á. Ìgbà tí wọ́n fẹ́ pa á ni wọ́n tó mọ̀ pé ó dára." Kí Àrẹ̀mú tó kú, ojú funfun ti wà ní Oko Ọba, kì í ṣe ọ̀kan, kì í ṣe méjì. Bẹ́ẹ̀ náà ni Bàbá kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pe ọ̀kankan nínú wọn ní ojúlówó.

Orúnkún Bàbá kò san mọ́. Orí àga ni wọ́n ti ń kírun títí wọ́n fi kú. Alàájì Ráṣáàkì sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹran ránṣẹ́ sí wọn lọ́jọ́ Jímọ̀ọ̀, Bàbá ń gbà á, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í kí ara wọn. Kò sẹ́ni tó mẹ́nu ba ọjọ́ náà. Alàájì gbà pé Bàbá ka gbogbo rẹ̀ sí àṣìṣe ọ̀dà.

Èmi ni mi ò lè gbé e mì. Lọ́jọ́ kan, mo bi Bàbá léèrè. Mo ní àwọn ọmọ iṣẹ́ yẹn lè má mọ̀, àmọ́ Alàájì ńkọ́? Ta ni kò mọ Àrẹ̀mú ní Agége?

"Ó rí i," Bàbá sọ. "Nígbà tí mò ń sáré bọ̀, ó ń wo màlúù náà. Nígbà tó rí mi ló tó wolẹ̀."

"Ẹ sì jẹ́ kí sójà fi ìyà jẹ yín?"

"Mo ti gba màlúù sílẹ̀. Àbúrò mi ló kù."

Lẹ́yìn fídáù Bàbá, nígbà tí èrò ti túká, Alàájì Ráṣáàkì wá bá mi ní ẹ̀yìnkùlé. Àwọn náà ti di arúgbó, ọ̀pá ni wọ́n fi ń rìn.

"Múlíkà, mo rí màlúù yẹn lọ́jọ́ náà. Mo rí i nígbà tí wọ́n ń fà á kọjá, mo sì dákẹ́. Mi ò lè sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi títí wọ́n fi lọ."

"Bàbá mọ̀, Alàájì."

Wọ́n wò mí bí ẹni tí kò gbọ́. "Ìgbà wo ni wọ́n mọ̀?"

"Lọ́jọ́ náà gan-an."

"Kí wọ́n tó fò?"

Mo ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ro ohun tí màá sọ sí ọkùnrin yìí lójú.

"Kí wọ́n tó fò," ni mo sọ.